Agbára Inú Katakata Àtijọ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbà Á Padà Lórí Ilẹ̀ Èkìtì

Lára àwọn katakata tí ń túlẹ̀ ní Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, bí Ìwòrókò, Ìgèdè, Ìyìn, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìfàkì, a máa ń rí èyí tí ó ti dàgbà ju awakọ̀ tí ń wà á lọ. Èyí tí ojú mọ̀ jù nínú wọn ni Massey Ferguson aláwọ̀ pupa: irú 135 tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1964, irú 165 tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti irú 275 tí ó dé lẹ́yìn wọn. Ẹ́ńjìnnì Perkins láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń jo epo dísẹ́ẹ̀lì, ni a sábà máa ń bá nínú wọn. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀, gbogbo ohun tí ń darí epo àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ irin tí mẹkáníìkì lè tú, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó padà. Nígbà tí irú 135 jẹ́ tuntun, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 45 tàbí kí ó lé díẹ̀. Agbára ẹṣin jẹ́ òṣùwọ̀n tí James Watt gbé kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún láti fi sọ bí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe láàrin àkókò kan ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kan rẹ̀ tó wáàtì 746. Ẹ̀rọ tí ó ti lo ogójì ọdún nínú eruku àti ẹrẹ̀ kì í ní iye agbára tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ mọ́, ohun tí àwọn tí ó ni ín sì máa ń bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì ni pé kí ó fi agbára kún un. Ìbéèrè náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó yá jù lọ́wọ́, ìyẹn kí a tú epo púpọ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnnì, ni ó máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó máa ń wọ́n ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kì í ṣe epo.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ti sọ fífi agbára kún katakata àtijọ́ di eré ìdíje. Kí katakata tó gbilẹ̀, ẹṣin ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń díje, tí wọ́n ń so ẹrù mọ́ ọn láti mọ èyí tí yóò fà á jìnnà jù. Ọdún 1929 ni a sábà máa ń dárúkọ fún ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, ní Bowling Green ní ìpínlẹ̀ Missouri àti ní Vaughansville ní ìpínlẹ̀ Ohio, nígbà tí ó sì di 1969 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ National Tractor Pullers Association sílẹ̀ kí òfin eré náà lè jẹ́ ọ̀kan náà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ohun tí katakata ń fà níbẹ̀ ni pẹpẹ irin kan tí àpótí ẹrù wà lórí rẹ̀. Bí katakata ti ń lọ ni àpótí náà ń rọra sún síwájú lórí pẹpẹ, tí ìwúwo ń tẹ ilẹ̀ sí i, títí ẹ̀rọ kò fi ní lè gbẹ́sẹ̀ mọ́. Ní ẹ̀ka ti katakata àtijọ́, òfin sábà máa ń dín ìyára kù, kí ó lè jẹ́ pé fífà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe eré sísá.

Ní Èkìtì, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni pẹpẹ irin náà. Àpáta líle ni ó wà lábẹ́ gbogbo àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ yìí, irú èyí tí ó yọrí sókè gẹ́gẹ́ bí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀ tí ó bò ó sì máa ń yí padà láàrin ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀, láti iyanrìn olókùúta wẹ́wẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè dé yangí pupa, àti láti ibẹ̀ dé amọ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ irin ní àkùrọ̀, irú ilẹ̀ ọlọ́rinrin tí ìrẹsì fẹ́ràn ní agbègbè Ìgbẹ́mọ̀. Kùkùté igi máa ń sá pamọ́ sínú ìgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Èyí já sí pé ẹrù tí ohun ìtúlẹ̀ ń gbé lé katakata lórí kì í dúró sójú kan. Ó lè di ìlọ́po méjì láàrin aporo kan ṣoṣo, kí ó sì tún rọ̀ padà. Àkókò pẹ̀lú kò gba ìdúró, nítorí pé láàrin òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu ń wá ilẹ̀ títú lẹ́ẹ̀kan náà, katakata tí ó bá sì ń dákú ní òkè nígbà náà ń jẹ ọjọ́ òjò mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ fífi ẹ̀rọ túlẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Ó wà lára èrò ètò abúlé àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà gùn lé ní ìparí àwọn ọdún 1950, èyí tí Òrin-Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rẹ̀.

Kí ó lè yéni bí agbára ṣe ń sọnù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti ń wá. Sílíńdà ni ihò róbótó inú ẹ́ńjìnnì, písítìn sì ni irin tí ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Nígbà tí písítìn kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tí ó gòkè, ó fún afẹ́fẹ́ náà mọ́ ibi kékeré kan lókè, tí ohun tí ó kún gbogbo sílíńdà tẹ́lẹ̀ á wá wọ inú ààyè tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún rẹ̀ lọ. Fífún yìí nìkan ti tó láti mú afẹ́fẹ́ náà gbóná kọjá ìwọ̀n 500 ti Celsius, débi pé bí nọ́sùlù, ìyẹn ẹnu tín-ín-rín tí ń fọ́n epo, bá ti tú epo sí i, epo náà á gbiná láìsí pé a ṣáná sí i. Iná náà ti písítìn sísàlẹ̀ tagbáratagbára, ìgbésẹ̀ kẹta yìí nìkan nínú mẹ́rin ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àgbẹ̀, nítorí ìkẹrin kàn ń lé èéfín jáde ni. Ẹ́ńjìnnì irú 135 ní sílíńdà mẹ́ta. Ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 91.4, písítìn sì ń rin mílímítà 127, èyí tí ó mú kí ààyè àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ lítà 2.5. Àwọn irú 165 tí ó kọ́kọ́ jáde kàn fi sílíńdà kan irú kan náà kún un ni, tí ó fi di lítà 3.3. Bí ààyè bá ti pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ tí ó lè wọlé pọ̀ sí i, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ agbára wọn ti wá.

Ìṣirò kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń fọwọ́ kan pọ́ǹpù epo mọ̀ lórí. Kí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan tó lè jóná tán, ó kéré tán, ó nílò afẹ́fẹ́ tí ó wúwo tó kílógíráàmù 12, ìyẹn sì súnmọ́ lítà afẹ́fẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bí ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 bá ń yí ní ìgbà 2,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,000 péré ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan fa èémí, nítorí náà kò lè fà ju lítà afẹ́fẹ́ 2,500 lọ ní ìṣẹ́jú náà. Kò sí ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó lè mú un jo ju ìdámẹ́rin lítà epo lọ ní ìṣẹ́jú kan, kódà kí ó jẹ́ pé kò sí ohun tí ó dí èémí rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ti gidi, iye tí ó lè jo dáadáa láìsí èéfín kéré sí èyí gan-an, torí pé epo àti afẹ́fẹ́ kì í rí ara wọn tán láàrin ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n ní. Ibi tí Adó-Èkìtì wà tún gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìlú náà fi bíi mítà 450 ga ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti etíkun lọ ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ooru ọ̀sán bá sì tó ìwọ̀n 35, afẹ́fẹ́ á tún fúyẹ́ ní ìdá mẹ́fà sí méje ju bí yóò ti rí lọ ní ìwọ̀n 15. Méjèèjì para pọ̀ gba nǹkan bí ìdá mọ́kànlá, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì tí ó dá ṣáṣá, tí ó tó agbára ẹṣin 45 ní ibi títutù létíkun, kò lè ju nǹkan bí 40 lọ ní ọ̀sán gangan lóko Ìwòrókò. Kò sí ẹni tí ó lè tún èyí ṣe pẹ̀lú sípánà. Ohun tí ó wà níkàwọ́ ènìyàn ni èyí tí ó kù.

Èéfín ni ó kọ́kọ́ ń sọ ibi tí agbára gbà sọnù. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé, ó sì lè jẹ́ pé nọ́sùlù ń da epo sílẹ̀ dípò kí ó fọ́n ọn bí ìrì. Èéfín aláwọ̀ aró ni ti ọ́ìlì tí ń gun òkè kọjá ríǹgì, ìyẹn òrùka irin tí ó yí písítìn ká, tàbí tí ń jò gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù wọlé. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná jẹ́ ti epo tí kò rí iná jó, tàbí ti omi rédíétọ̀ tí ó ti rí ọ̀nà wọ sílíńdà. Bí ẹnì kan bá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí atẹ́gùn sì ń tú jáde níbẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ iná, iná inú sílíńdà ti ń sá gba ẹ̀gbẹ́ písítìn kọjá, agbára tí ó yẹ kí ó lọ sí ẹsẹ̀ katakata sì ń lọ lófo.

Fílítà afẹ́fẹ́ ni ibi tí àtúnṣe ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní ògo kankan nínú. Ti katakata wọ̀nyí sábà máa ń ní abọ́ ọ́ìlì ní ìsàlẹ̀: afẹ́fẹ́ á gba orí ọ́ìlì náà kọjá, á fi eruku rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó tó gun òkè lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ní ìgbà ọyẹ́ àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtúlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, eruku lè sọ ọ́ìlì abọ́ náà di ẹrẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa mí bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò nímú. Bí wọ́n bá sì yọ fílítà sọnù kí ó lè mí dáadáa, bí àwọn kan ti máa ń ṣe, iyanrìn wẹ́wẹ́ á wọlé, á sì lọ ara sílíńdà bí ọlọ ti ń lọ ata. Àṣìṣe tí ó burú jù ni èyí, torí pé agbára tí wọ́n rí lọ́sẹ̀ kan ni wọn yóò fi gbogbo ẹ́ńjìnnì san.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ni fífún rẹ̀. Fáàfù ni ilẹ̀kùn tí ń ṣí tí ń pa lókè sílíńdà. Àlàfo tí ó wà láàrin rẹ̀ àti apá tí ń tì í gbọ́dọ̀ jẹ́ bí 0.3 mílímítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, nítorí pé bí ó bá kéré jù, fáàfù kò ní padé tán nígbà tí irin bá gbóná tí ó sì gùn sí i, bí ó bá sì pọ̀ jù, kò ní ṣí tó. Bí mẹkáníìkì bá ti ṣe èyí, tí òṣùwọ̀n tí ó fi wo fífún afẹ́fẹ́ sílíńdà kan ṣì lọ sílẹ̀, yóò kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà náà, yóò sì tún un wọ̀n: bí òṣùwọ̀n bá gòkè, ríǹgì ni ó ti jẹ, torí ọ́ìlì ni ó bá a dí ẹ̀gbẹ́, bí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà ni kí wọ́n wò. Nígbà tí ó bá di ti ríǹgì àti sílíìfù, ìyẹn ọ̀pá irin ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Owó wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí agbára tí ó sọnù ti ń padà wá púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ó tó kan epo. Pọ́ǹpù CAV tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Perkins wọ̀nyí ń fi ipá tí ó ju ìlọ́po 150 ti afẹ́fẹ́ àyíká lọ ti epo sí nọ́sùlù, dísẹ́ẹ̀lì tí ń gba inú rẹ̀ kọjá fúnra rẹ̀ sì ni ọ́ìlì tí ń mú kí ẹ̀yà ara rẹ̀ máa yọ̀. Epo tí wọ́n fi kẹrosíìnì là, tàbí tí omi wà nínú rẹ̀, ń fi irin lọ irin níbẹ̀, tí pọ́ǹpù kò fi ní lè ti epo tó mọ́. Àkókò tí epo wọlé ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀ ṣáájú kí písítìn tó dé òkè pátápátá, bí ó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa kàn bí ẹni ń fi òòlù lù ú, bí ó bá sì pẹ́ jù, iná á ṣì máa jó nígbà tí písítìn ti sá lọ, ooru tí ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ á sì gba ojú èéfín jáde. Ibi tí ìdánwò wà ni ìwọ̀n iye epo, nítorí pé ẹni tí ó bá tú pọ́ǹpù tí ó sì fi epo kún un yóò rí i lóòótọ́ pé katakata gbéra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí dé ibi tí afẹ́fẹ́ tán. Láti ibẹ̀ lọ, èéfín dúdú àti ooru nìkan ni epo àlékún ń fún un. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta ni a lè pín ooru epo sí nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀: ìdá kan ń ṣiṣẹ́, ìdá kan ń bá èéfín lọ, ìyókù ń lọ sínú omi rédíétọ̀ àti afẹ́fẹ́ àyíká. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe orí písítìn, alumíníọ̀mù sì ń yọ́ ní ìwọ̀n 660, nígbà tí iná inú sílíńdà gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìtutù omi àti ọ́ìlì nìkan ni kì í jẹ́ kí ó yọ́. Katakata tí rédíétọ̀ rẹ̀ ti dí, tí wọ́n wá fi epo kún, kò ní pẹ́ kí orí písítìn rẹ̀ tó lu.

Àwọn kan máa ń gbé gọ́fánọ̀ sókè, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí kọjá ìyára tí wọ́n dá fún un. Ó ń fi agbára kún un, nítorí èémí rẹ̀ pọ̀ sí i láàrin ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ipá tí ń fa písítìn àti apá rẹ̀ ya ń pọ̀ ju ìyára lọ: bí wọ́n bá gbé e láti 2,000 sí 2,400, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyára fi pọ̀ sí i, ìdá mẹ́rìnlélógójì sì ni ipá náà fi pọ̀ sí i. Irin tí ó ti dàgbà kò gbọdọ̀ gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn olùdíje Amẹ́ríkà ń ṣe kò sì ṣeé gbé wá sí Èkìtì bí ó ti wà. Púpọ̀ nínú àwọn katakata àtijọ́ tí wọ́n fi ń díje, bí Farmall M tí ó jáde ní 1939, ń jo pẹtiróòlù tàbí epo tí kò dára tó o, àwọn tí ó ṣe wọ́n sì dín fífún afẹ́fẹ́ kù sí ìlọ́po tí kò tó méje kí epo ìgbà náà má baà kàn nínú sílíńdà. Nítorí náà, bí wọ́n bá gé díẹ̀ kúrò ní ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà tàbí tí wọ́n fi písítìn olórí gíga sí i, fífún á pọ̀ sí i, agbára á sì gòkè dáadáa. Dísẹ́ẹ̀lì ti wà ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ilé iṣẹ́. Kò sí ohun púpọ̀ tí ó kù láti rí níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó fi lè ju ti ilé iṣẹ́ lọ dáadáa ni kí a fi ipá ti afẹ́fẹ́ sí i nínú, ohun tí tọ́bò ń ṣe, èyí tí í ṣe abẹ̀bẹ̀ irin tí èéfín ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí. Perkins náà ṣe ẹ̀dà ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 4.236, tí ó ní tọ́bò, tí wọ́n ń pè ní T4.236, ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ lágbára kí wọ́n tó fi sí i. Ẹni tí ó bá kan tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí a kò tún inú rẹ̀ ṣe kò ní fi rí ohun tí Perkins rí.

Agbára tí ó bá sì ti wà nínú ẹ́ńjìnnì ṣì gbọ́dọ̀ gba táyà kọjá kí ó tó dé inú ilẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn olùdíje àti àgbẹ̀ Èkìtì ti pàdé. Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí orúkọ rẹ̀ wà lára katakata wọ̀nyí láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti pa pọ̀ mọ́ Massey-Harris ti Kánádà ní 1953, ni ó so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ katakata pẹ̀lú apá mẹ́ta, méjì nísàlẹ̀ àti ọ̀kan lókè, tí ọ́ìlì alágbára ń gbé wọn sókè sódò. Ìwúwo ohun ìtúlẹ̀ àti ipá tí ilẹ̀ fi ń fà á sísàlẹ̀ á wá di ẹrù tí ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, tí katakata kékeré fi lè di ilẹ̀ mú bí èyí tí ó wúwo jù ú lọ; apá òkè pẹ̀lú kì í jẹ́ kí iwájú rẹ̀ gbéra. Ṣéènì kò ní irú apá òkè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi léwu láti so ó mọ́ ibi tí ó ga ju ààrin táyà ẹ̀yìn lọ láti fi fa kùkùté lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè: iwájú katakata á gbéra sókè, á sì dà bo awakọ̀ lẹ́yìn kí ó tó lè tẹ klọ́ọ̀ṣì. Ibi tí wọ́n ti ń so nǹkan nísàlẹ̀ nìkan ni kí wọ́n lò.

Bí ẹ̀yìn katakata bá fúyẹ́ jù, táyà á máa yí lófo. Omi ni ó rọrùn jù láti fi fún un ní ìwúwo, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ààyè inú táyà. Níbi tí omi ti ń di yìnyín, wọ́n gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ pò ó, ṣùgbọ́n omi lásán ti tó ní Èkìtì. Láti mọ bí ó ti yẹ kí ó wúwo tó, kí awakọ̀ fi ẹfun fa ìlà sára táyà ẹ̀yìn, kí ó wakọ̀ láìtúlẹ̀ títí táyà yóò fi yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó sì wọ̀n ibi tí ó dé; lẹ́yìn náà, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun ìtúlẹ̀ nínú ilẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ mítà 40, tí ìkejì sì jẹ́ 35, ó wà ní ibi tí ó dára. Bí ìkejì bá jẹ́ 28, mítà 12 nínú gbogbo 40 ni epo fi ń jó lófo, kò sì sí ohun tí mẹkáníìkì lè ṣe lára pọ́ǹpù tí yóò dá a padà. Omi ni kí wọ́n pọn wá, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ táyà tí eyín rẹ̀ ti jẹ.